Ẹ̀rí Tí Ezekiel Jẹ́

Ikọ́ rẹ̀ ni Sabina kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó rí ojú rẹ̀.

Ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá kí wa ní Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, bọ́lẹ́kájà Ẹgbẹ́ Akọrin Ohùn Àjíǹde dúró níwájú ìjọ wọn ní Pedro, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ó fẹ́ gbé àwọn akọrin lọ síbi ìkórè kan ní Ìkòròdú. Sabina Ikúmápàyí, ọmọ Ìlàjẹ tó ń gbé létí ọ̀sà Bàríga, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ náà ni. Ìyá rẹ̀ ti di ẹja yíyan sínú agbọ̀n fún un pé kó fi ṣe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lálejò. Bó ṣe gbé agbọ̀n náà wọ ọkọ̀ báyìí ni àwọn ọmọge mẹ́ta fọwọ́ bo imú.

"Ẹ̀yin ará, ẹja ti dara pọ̀ mọ́ akọrin o," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Sabina débi pé ó ti ń yí padà láti sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ló gbọ́ ikọ́ láti ìjókòó ẹ̀yìn, ikọ́ gbígbẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, tí ẹni tó ń hú u ń gbìyànjú láti gbé mì. Ohùn kan sì tẹ̀ lé ikọ́ náà.

"Ọjọ́ tí Jésù fi ẹja bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn, mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni dimú. Sìsítà, ẹ máa bọ̀ níbí. Ààyè wà."

Ezekiel Ọdẹ́túnjí ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ń to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Yíǹkì ti sọ orí ìka rẹ̀ di dúdú. Òun ló ń lé orin fún ẹgbẹ́, àwọn yòókù á sì máa gbè é.

"Ohùn wo lẹ ń kọ?" ó bi í bó ṣe jókòó.

"Ohùn kejì, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí orin bá fẹ́ já mọ́ mi lẹ́nu, ẹ bá mi gbé e."

Àwàdà ló fi ṣe. Sabina rẹ́rìn-ín, ó fún un ní ẹja kan, ó sì jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó dé Ìkòròdú. Láti ọjọ́ náà lọ, Ohùn-kejì ló ń pè é.

Ẹni tí kò bá akọrin rìn rí lè rò pé ìgbádùn ni. Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwé ni wọ́n ń sùn, odò ni wọ́n ti ń fọ aṣọ funfun wọn, iṣu àti ẹyẹlé ìkórè sì ni ọ̀pọ̀ ìjọ fi ń dá wọn lọ́lá. Bí òjò bá rọ̀ lójú ọ̀nà Ṣágámù, ọkùnrin lobìnrin á sọ̀ kalẹ̀ ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀. Àmọ́ bí Ezekiel bá dìde, tí sáńbà àti agogo bá dákẹ́, tó wá fi ohùn rẹ̀ pe ìjọ, àwọn àgbàlagbà á bú sẹ́kún. Ohùn Sabina á wọlé tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ fi mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti rí ara wọn.

"Ohùn-kejì mi," Ezekiel wí fún un ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń sá aṣọ sórí koríko létí odò, "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí i po."

"Ẹ má yí i po mọ́," ni Sabina dáhùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún sá aṣọ tó ti sá tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ikọ́ náà kò lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń ti Ṣágámù bọ̀, Sabina kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bọ̀dá Ezekiel, ikọ́ yín yìí ti pẹ́."

"Eruku òjé ibi iṣẹ́ wa ni."

"Kì í ṣe eruku. Odindi ọdún méjì ni mo fi gbọ́ irú ikọ́ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Òun ló pa bàbá mi."

Ezekiel ń wo igbó tó ń sá sẹ́yìn. Sabina mọ ohun tó ń rò. Ọjọ́ tí ènìyàn bá wọ ẹgbẹ́ wọn, á kúnlẹ̀, á jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní fẹnu kan oògùn mọ́, ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe ti òyìnbó. Garawa omi àdúrà kan wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, òun ni wọ́n ń bù fún oníbà, fún olórí fífọ́, fún gbogbo ènìyàn. Ezekiel ti mu nínú rẹ̀ títí ó fi sú u.

"Bí mo bá lọ síbi abẹ́rẹ́, wọ́n á lé mi," ó wí. "Bí wọ́n bá lé mi, níbo ni mo ti máa kọrin?"

"Ẹni tó bá kú, níbo ló ti ń kọrin?"

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Sabina mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́nà Yábà. Nọ́ọ̀sì tó gba káàdì rẹ̀ jẹ́ obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín. "Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta," ó wí. "Lẹ́yìn náà, oògùn oníhóró títí ọdún á fi yí po. Ara yín á tètè yá. Ìgbà tí ara bá yá yẹn gan-an ni àwọn aláìgbọ́n ń sá lọ, ikọ́ náà á sì padà wá bá wọn tìbínútìbínú."

Àràárọ̀ ló máa ń fi ohùn rara pe orúkọ láti inú àwọn káàdì náà. Kì í yọ káàdì ẹnikẹ́ni kúrò. Bí o kò bá wá, á pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á pè é lọ́la, á pè é lọ́túnla, àfi bí ẹnì kan bá wá sọ ibi tó o wọlé sí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Ezekiel bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ó wá wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ bá ìyá Sabina ní Bàríga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ìyá náà kọ́kọ́ yí ẹja tó wà lórí iná tán.

"Dìde, ọmọ mi. Orin rẹ dùn, ẹnu rẹ náà sì dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní o ń húkọ́. Mo ti sin ọkọ oníkọ́ kan. N kò ní bá ọmọ mi sin ìkejì."

"Ikọ́ náà ti ń lọ, Màmá."

"Bó bá lọ tán, kí o padà wá."

Sabina sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Láyé rẹ̀, kò sí ohun tó fẹ́ tó ọkùnrin yìí, kò sì lè fẹ́ ẹ láìsí àṣẹ ìyá rẹ̀. Inú ẹkún yìí ni Bàbá Adéjìmí bá wọn.

Bàbá Adéjìmí ni olórí ẹgbẹ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bó bá rí i pé ebi ń pa ọmọ ẹgbẹ́, oúnjẹ tirẹ̀ ló máa gbé fún un. Ohun tó gbà gbọ́ ni ó gbà gbọ́, ó sì ti rí i pé ikọ́ Ezekiel ti rọlẹ̀. Ó fò sókè níbi ìdánrawò bí ọmọdé.

"Olúwa ti ṣe é! Ezekiel, o máa jẹ́rìí ní ìsọjí Pedro. Gbogbo Ṣómólú, gbogbo Bàríga ló máa gbọ́."

Lọ́nà ilé, Ezekiel ń fa ẹsẹ̀. "Bí mo bá máa jẹ́rìí, kí n sọ ti abẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Ọlọ́run náà ló fún dókítà lọ́gbọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́," ni Sabina wí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò fi pa mọ́ nígbẹ̀yìn: òun ló bẹ̀ ẹ́. "Ìyá mi máa wà níbẹ̀. Bó bá gbọ́ abẹ́rẹ́, á mọ̀ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ẹ ṣáà ní Ọlọ́run wò yín sàn. Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́," Ezekiel wí, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsọjí, èrò kún pápá ìjọ dé títì. Ezekiel dúró lórí àga, ó ní ikọ́ ti fẹ́ pa òun, ó ní kí wọ́n wo òun lónìí. Àwọn ènìyàn hó yèè. Bàbá Adéjìmí gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́.

"Ọmọ mi, sọ fún wọn. Ǹjẹ́ dókítà kankan fọwọ́ kàn ọ́?"

Ezekiel wá ojú Sabina láàárín èrò. Sabina wolẹ̀.

"Rárá o, Bàbá," ni Ezekiel wí.

Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé Fádèyí. Ìyá Sabina bọ́ síwájú pẹ̀lú omijé, ó di ọwọ́ Ezekiel mú, ó ní, "Wá gbé ìyàwó rẹ." Wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó sí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá. Sabina yọ̀ títí ó fi gbàgbé ohun tí ayọ̀ náà dúró lé lórí.

Bàbá Adéjìmí ní kí wọ́n tẹ ìwé ìpolówó fún ìrìn àjò ńlá tí wọ́n fẹ́ lọ dé Oǹdó. Ta ni yóò tò ó bí kò ṣe Ezekiel? Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú nínú àpótí òjé: Ẹ WÁ GBỌ́ LẸ́NU EZEKIEL, ẸNI TÍ OLÚWA WÒ SÀN LÁÌSÍ ABẸ́RẸ́. Nígbà tó fi ẹ̀dà kan han Sabina, ó ní, "Mo tẹ ẹgbẹ̀rún kan. Kò sí bí mo ṣe lè lọ kó wọn padà mọ́."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń retí kí wọ́n pe orúkọ. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tẹjú mọ́ Ezekiel. Ó rù, ikọ́ ń gbọ̀n ọ́n, òórùn èéfín àgbàdo sísun sì wà lára aṣọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni akọrin tí Ọlọ́run wò sàn ní Pedro? Èmi ni Sìkírátù, mò ń sun àgbàdo ní Fádèyí. Mo gbọ́ ẹ̀rí yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ níbí ni. Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

Ezekiel dìde.

"Mo sin ẹnì kan wá ni."

"Ọlọ́run á bá yín tọ́jú rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ pé nítorí ẹ̀rí yín, èmi náà fẹ́ fi abẹ́rẹ́ yìí sílẹ̀. Ó ń dùn mí, ó sì ń gba àkókò ọjà mi. Jésù tó wò yín, ṣé kò ní wo èmi?"

Ó yẹ kí ẹnì kan nínú wọn la ẹnu. Ezekiel wo Sabina. Sabina ń ro oṣù Kejìlá, ó ń ro ìyá rẹ̀. Wọ́n jáde, bí wọ́n sì ṣe dé ẹnu géètì ni wọ́n gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì lẹ́yìn wọn: "Ọdẹ́túnjí Ezekiel! Ọdẹ́túnjí Ezekiel!"

Kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ìrìn àjò ńlá bẹ̀rẹ̀. Ní Ìkòròdú ó jẹ́rìí, ní Ṣágámù ó jẹ́rìí. Kí wọ́n tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, ikọ́ ti dé padà. Ezekiel á máa kọrin, ohùn á ṣàdédé há sí i lọ́fun, Sabina á sì yára gbé orin náà kí ìjọ má baà mọ̀. Àwọn ènìyàn rò pé bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Wọ́n ní àwọn méjèèjì mọ ọ́n kọ.

Ní Oǹdó, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, Sabina bá a lẹ́yìn ilé ìjọ tó ń fọ áńkáṣífù. Omi inú igbá ti pupa.

"Ẹ jẹ́ ká padà lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn lónìí," ó wí. "Mo fi ọjọ́ ayé mi bẹ̀ yín."

"Ìgbéyàwó wa ku ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Bí a bá ti gbé e tán, a ó lọ. Ìyá rẹ kò ní lè gbà ọ́ padà mọ́." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Má sunkún, olólùfẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pẹ́."

Kò rí ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kejì, níbi tó ti ń jẹ́rìí, ó ṣubú. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, ibi tó ti pe Sabina wá jókòó nígbà kìíní, wọ́n sì kọrí sí Èkó. Bàbá Adéjìmí ń bu omi àdúrà sí i lórí, òun náà ń sunkún.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká yà sí ilé ìwòsàn," Sabina kígbe nígbà tí wọ́n dé Ìjẹ̀bú-Òde.

"Ẹni tí Olúwa ti wò sàn? Kí la fẹ́ wí fún wọn níbẹ̀? Ọ̀tá ló ń dán ìgbàgbọ́ wa wò. Ẹ kọrin!"

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Sabina. Ẹgbẹ̀rún ìwé ìpolówó, ìyá rẹ̀, "rárá o, Bàbá," gbogbo rẹ̀ ló rò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kò sí ọjọ́ tí òun kò rántí ibẹ̀ yẹn: ọkọ̀ kọjá, ilé ìwòsàn wà lápá ọ̀tún, òun kò sì sọ̀rọ̀.

Ezekiel fa etí Sabina mọ́ ẹnu. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Obìnrin alágbàdo yẹn… Fádèyí. Sọ fún un."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún un."

"Orin ti já mọ́ mi lẹ́nu, Ohùn-kejì. Bá mi gbé e."

Ó kú kí wọ́n tó kan Ìkòròdú, oòrùn ọ̀sán ṣì ń mú. Àwọn akọrin kò mọ̀, wọ́n ń kọrin lọ, orí rẹ̀ sì wà lórí itan Sabina.

Òkú ọ̀fọ̀ ni, ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, Bàbá Adéjìmí kéde ìsìn ìrántí. Ó ní Olúwa ti wo Ezekiel sàn, ayé ni kò fẹ́ kó pẹ́. Ó ní Sabina ni yóò lé orin ní ipò rẹ̀.

Sabina kọ́kọ́ lọ sí Fádèyí. Ààrò Sìkírátù wà níbẹ̀, eérú tútù ló kún un. Aládùúgbò kan mú un lọ sí ilé. Orí ẹní ló bá obìnrin náà, ikọ́ kò jẹ́ kó lè kí àlejò.

"Ẹ padà síbi abẹ́rẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni Sabina wí. "Ezekiel ti kú."

"Wọ́n ní ayé ló pa á. Wọ́n ní ikọ́ kọ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín wá sí Pedro lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ kún, wọ́n sì gbé Sìkírátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Sáńbà dún, agogo dún, wọ́n dákẹ́. Sabina dìde nínú aṣọ funfun, gbogbo ènìyàn ń retí ohùn rẹ̀.

"Kì í ṣe orin," ó wí. "Ẹ̀rí ni mo ní. Abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n gún Ezekiel. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe é, abẹ́rẹ́ ló mú ara rẹ̀ yá. Ẹ̀rí tó jẹ́ níhìn-ín ni kò jẹ́ kó lè padà lọ gba ìyókù. Ìyẹn ló pa á. Èmi ni mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ òtítọ́, torí mo fẹ́ lọ́kọ."

Ariwo sọ. Àwọn kan ní kí wọ́n fà á jáde. Bàbá Adéjìmí gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n fi í sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi, ọmọ yìí?"

"Ojú gbogbo ènìyàn lẹ ti bi í léèrè, Bàbá. Ó wò mí, mo wolẹ̀."

Ó bọ́ aṣọ funfun náà, ó ká a, ó gbé e síwájú bàbá náà. Nígbà tó yíjú, ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"O mọ̀ pé ikọ́ bàbá rẹ ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo mọ̀, Ìyá."

Ìyá náà yí padà, ó lọ. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò bá a sọ̀rọ̀. Àfi ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí Sabina ń wọ bàtà, ló gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìdí iná ẹja.

"Abẹ́rẹ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí bàbá rẹ ń kú. Kò rí èyí tó máa kọ̀. Máa lọ."

Sabina kọjá sí Fádèyí. Sìkírátù ti múra, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sabina jẹ́ kó fara ti òun títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn lọ́nà Yábà. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì gíga náà jáde pẹ̀lú ìdì káàdì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n bó ṣe ń pè wọ́n lójoojúmọ́.

"Ọdẹ́túnjí Ezekiel!"

Kò sí ẹni tó dáhùn.

"Ọdẹ́túnjí Ezekiel!"

Sabina dìde dúró.

"Kò wá, Mà."

"Oṣù kan gbáko ni mo ti ń pè é. Níbo ló wọlé sí?"

"Ó ti kú."

Nọ́ọ̀sì fa káàdì náà yọ, ó fi ìlà kan kọjá lórí orúkọ náà, ó sì sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

"Ta lo mú wá bá wa?"

Sabina di Sìkírátù mú lápá, ó gbé e dìde.